Tuntun Lókè

Dádì mi, ẹ̀yin tí kì í kánjú,

Ibi tí a sin yín sí kọ́ ni ẹ ní kí a sin yín sí. Ìsẹ́yìn ni a gbé yín lọ, ẹ̀gbẹ́ Mọ́mì ni ẹ fẹ́. Ẹ kọ ọ́ sílẹ̀ kedere, kò ní kọ́núnkọ́họ kankan nínú, èmi tí gbogbo ilé sì ní kó kà á ni kò kà á. Ẹjọ́ Bọ̀dá Súrà kọ́, ẹjọ́ Bàbá Kékeré kọ́. Èmi ni.

Mo fi èyí síwájú nítorí pé ojú kọ̀mpútà yín kì í gbà ju ìlà mẹ́rìnlélógún lọ lẹ́ẹ̀kan náà. Ẹni tó bá ń kánjú bíi tèmi, ohun tó bá kọ́kọ́ rí ni yóò mú lọ. Ìyókù ọ̀rọ̀ mi lè dúró de ẹni tó bá ráyè.

Ara mi le. Ilé náà wà bí ẹ ṣe fi í sílẹ̀, àfi géètì tí mo ní kí wọ́n tún kùn nítorí ìpẹtà. Ìkòsì kò yí padà. Àwọn ọkọ̀ ńlá ṣì ń já àlùbọ́sà àti ata ní Mile 12 ní gbogbo òwúrọ̀, tí afẹ́fẹ́ bá sì ti ọ̀hún wá, òórùn tòmátì tó ti ń jẹrà yóò wọlé tọ̀ wá ní pálọ̀. Ẹ̀yin lẹ máa ń sọ pé ọjà ló ń kí wa. Mo ṣì wà níbi iṣẹ́ mi ní Kétu, níbi tí àwọn oníṣòwò ti ń kó ẹrù wọn sínú àwọn yàrá tó tutù bíi fíríìjì kó má baà bàjẹ́. Èmi ṣì ni mo ń bójú tó àwọn kọ̀mpútà tó ń ṣọ́ òtútù àwọn yàrá náà. Ẹ máa ń sọ fún àlejò pé ọmọ yín lọ sí yunifásítì, ó wá ń ṣọ́ tòmátì. Nígbà náà, ó máa ń bí mi nínú. Kò bí mi nínú mọ́.

Kọ̀mpútà yín wà lórí tábìlì rẹ̀ lẹ́gbẹ̀ẹ́ wíńdò. Ọdún tí ẹ fẹ̀yìn tì lẹ́nu iṣẹ́ ni mo gbé e wálé, nígbà tí wọ́n fẹ́ dà á nù níbi iṣẹ́ wa. Ó ti gbó jù, kò lè gbé àwòrán kankan mọ́, mo sì fi í sílẹ̀ bẹ́ẹ̀, ojú dúdú, lẹ́tà funfun, kò sí nǹkan mìíràn. Mọ́mì wò ó títí, wọ́n bi mí bóyá wọ́n ti mú iná lọ nínú rẹ̀ ni. Ẹ̀yin fẹ́ràn rẹ̀. Ẹ ní bóòdù ilé ìwé yín gan-an nìyẹn, pé ẹ̀rọ tí kò bá ní àwòrán kò lè tan ènìyàn jẹ.

Nǹkan méjì péré ni mo kọ́ yín: bí ẹ ó ṣe máa kọ̀wé sínú rẹ̀, àti bí ẹ ó ṣe máa kà á. Láti kà á, ẹ ó tẹ less, ẹ ó fi àyè sílẹ̀, ẹ ó tẹ orúkọ fáìlì. Fáìlì kan ṣoṣo lẹ ní ní gbogbo ọdún wọ̀nyẹn, ẹ sì sọ ọ́ ní iwe-ile. Ìka kan lẹ fi ń tẹ̀ ẹ́, tẹ̀, tẹ̀, tẹ̀, bí adìyẹ tó ń ṣa àgbàdo. Ẹ bi mí ìdí tí wọ́n fi pe orúkọ rẹ̀ bẹ́ẹ̀. Mo ṣàlàyé pé ọ̀kan ti wà ṣáájú rẹ̀ tó ń jẹ́ more, pé iwájú nìkan ni ìyẹn mọ̀ ọ́n lọ, ojú ìwé tó bá ti kọjá lọ́dọ̀ rẹ̀ ti kọjá nìyẹn. Àwọn tó ṣe èyí wá fi í dá àpárá, wọ́n pè é ní díẹ̀ dípò púpọ̀, bẹ́ẹ̀ èyí tí wọ́n pè ní díẹ̀ yìí ló lè padà sẹ́yìn. Ẹ mi orí. Ẹ ní àgbàlagbà ni yóò ti jẹ́ ẹni tó ronú irú èyí.

Mo fi bọ́tìnì gbọọrọ tó wà nísàlẹ̀ hàn yín, èyí tó ń ṣí ojú ìwé tó kàn. Mo fi b hàn yín fún ojú ìwé tó kọjá, ẹ sì ní ẹ ò ní gbàgbé ìyẹn, pé b ni bọ̀. Mo tún fi G ńlá hàn yín, tó ń fò lọ sí òpin lẹ́ẹ̀kan ṣoṣo. Ẹ ní kí n máa gbé ìyẹn lọ, pé ẹni tó fẹ́ mọ òpin ìwé láìkà á, kó lọ bi ẹni tó kà á. Mo rẹ́rìn-ín. Mo rò pé àgbà ló ń dà yín láàmú.

Ohun tí mo máa ń wò jù ni ìka yín. Kí ẹ tó tẹ bọ́tìnì gbọọrọ yẹn, ẹ ó kọ́kọ́ fi ahọ́n kan ìka, bí ẹni tó fẹ́ ṣí ìwé. Mo sọ fún yín títí pé kò nílò itọ́. Ẹ ó ní lóòótọ́ ni, ẹ ó sì tún ṣe é. Ojú bọ́tìnì náà ti dán níbi kan lápá ọ̀tún, níbi tí ìka yín máa ń bà lé. Àwọn bọ́tìnì tó kù kò dán bẹ́ẹ̀.

Ṣé ẹ rántí ọjọ́ tí ẹ pè mí níbi iṣẹ́? Ohùn yín lọ sílẹ̀ bíi ti ẹni tí wọ́n tì mọ́ yàrá. Ẹ ní ẹ ti kàwé dé òpin, pé ó ti kọ END sí ìsàlẹ̀, pé ẹ ti tẹ gbogbo ohun tí ẹ mọ̀, kò sì jẹ́ kí ẹ jáde. Mo ní kí ẹ tẹ q. Ẹ wá ní a-b-d tí wọ́n fi kọ́ yín ní Ìsẹ́yìn kò ní q, pé kí ló dé tó fi jẹ́ lẹ́tà tí Yorùbá kò ní ni wọ́n fi ń jáde? Àwa tó wà ní ọ́fíìsì rẹ́rìn-ín títí di ìrọ̀lẹ́.

Mo tún ń rántí ọ́fíìsì tiyín. Tí ilé ìwé bá parí, ọ̀dọ̀ yín ni mo máa ń wá, sí yàrá tí ẹ ti ń tọ́jú fáìlì, tí fáìlì kún látilẹ̀ dé àjà. Ẹ ó fún mi ní ẹ̀rọ kékeré tó ń lu ihò méjì sí ìwé, ẹ ó fún mi ní okùn aláwọ̀ ewé tí wọ́n fi ń so wọ́n pọ̀. Ìwé tó bá ṣẹ̀ṣẹ̀ dé, a kì í fi sí ìsàlẹ̀. Orí gbogbo àwọn tó wà níbẹ̀ tẹ́lẹ̀ ni yóò wà, kí ọ̀gá tó bá ṣí fáìlì lè kọ́kọ́ rí ohun tó jẹ́ òtítọ́ lónìí. Ẹ sọ fún mi pé nígbà tí ẹ ṣẹ̀ṣẹ̀ wọ iṣẹ́, ẹ ti ìwé tuntun kan bọ abẹ́, ọ̀gá wá tẹ̀ lé ti àtijọ́, wọ́n sì rán ọkùnrin kan lọ síbi iṣẹ́ tí wọ́n ti fagi lé. Ọkùnrin náà lo ọ̀sẹ̀ méjì níbẹ̀ lórí bẹ́ǹṣì, kò sẹ́ni tó mọ ohun tó wá ṣe. Láti ọjọ́ náà lẹ ti ní òwe tiyín. Tuntun lókè. Mo máa ń kọ ọ́ lórin bí mo ṣe ń luhò. Tí wọ́n bá jí mi lójú oorun nígbà náà, mo lè sọ ọ́.

Níbi iṣẹ́ tèmi, òdìkejì rẹ̀ ni. Ẹ̀rọ ló ń kọ̀wé fúnra rẹ̀, ìlà kan ní ìṣẹ́jú kọ̀ọ̀kan, bí òtútù yàrá kọ̀ọ̀kan ṣe rí, ó sì ń fi tuntun sí abẹ́ ti àtijọ́. Tí yàrá kan bá ń gbóná, kò sẹ́ni tó ń ka ìwé ọgbọ̀n ọjọ́ láti òkè. Ìsàlẹ̀ la ń sáré lọ. Ọdún mọ́kànlá ni ojú mi ti ń sáré lọ sí ìsàlẹ̀. Mi ò fi ṣe àwáwí. Mo kàn fẹ́ kí ẹ mọ bí ó ṣe ṣẹlẹ̀.

Ní àárọ̀ ọjọ́ yẹn, ẹ kírun àsùbá, ẹ padà sórí àga yín. Mo gbé ẹ̀kọ wá, ẹ ti lọ. Kó tó di aago méje, pálọ̀ ti kún. Álífà ní kí a tètè pinnu ibi tí à ń gbé yín lọ, nítorí pé oòrùn kò gbọdọ̀ wọ̀ bá yín lókè ilẹ̀. Àbúrò yín, Bàbá Kékeré, wà lórí fóònù láti Ìsẹ́yìn, wọ́n ń bẹ̀ wá pé kí a gbé ẹ̀gbọ́n àwọn wálé. Àwọn kan ní ẹ̀gbẹ́ Mọ́mì ló yẹ, pé odindi ọdún mẹ́ta ni Mọ́mì ti ń dá sùn ní itẹ́ òkú tó wà nítòsí wa. Bọ̀dá Súrà, àkọ́bí yín, dúró sẹ́nu ọ̀nà pẹ̀lú kọ́kọ́rọ́ ọkọ̀ lọ́wọ́. Wọ́n ní ẹ ò sọ nǹkan kan fún àwọn rí. Wọ́n wá wò mí.

"Gbogbo nǹkan tó wà lọ́kàn Dádì, inú ẹ̀rọ yẹn ni wọ́n ń kọ ọ́ sí. Ìwọ lo mọ bí wọ́n ṣe ń ṣí i. Wò ó kíá."

Mo jókòó. Mo tẹ less, mo tẹ orúkọ fáìlì. Ojú ìwé àkọ́kọ́ jáde. Ó wà níwájú mi, Dádì, odindi rẹ̀. Mi ò kà á. Ìka mi ti wà lórí G. Ó fò lọ sí òpin, mo sì ka ohun tó wà níbẹ̀ sókè kí gbogbo pálọ̀ lè gbọ́. Ẹ ní tí ẹ bá kú, kí a gbé yín lọ sí Ìsẹ́yìn, sí ẹ̀yìnkùlé bàbá yín, níbi tí igi ọsàn wà, kí ẹ̀yin náà lè padà síbi tí wọ́n ti rí ìwọ́ yín mọ́lẹ̀. Gbogbo wọn ní al-hamdulilahi. Bàbá Kékeré bú sẹ́kún lórí fóònù, wọ́n ń dúpẹ́ lọ́wọ́ mi bí ẹni pé èmi ni mo kọ ọ́. A kò tíì rí aago mẹ́sàn-án tí a fi gbéra. A ti parí gbogbo rẹ̀ kí wọ́n tó pe ìrun alásárì.

Ẹ máa ń kọ déètì sórí ọ̀rọ̀ kọ̀ọ̀kan. Ọ̀rọ̀ ti ọjọ́ yẹn gùn ju ìlà mẹ́rìnlélógún lọ, ìdí nìyẹn tí déètì rẹ̀ kò fi hàn. Ó wà lókè díẹ̀. Ká ní mo tẹ b lẹ́ẹ̀kan péré ni, ǹ bá ti rí i.

Oṣù mẹ́wàá kọjá. Bàbá Kékeré fẹ́ kọ orúkọ yín sí pákó kékeré kan níbi orí yín, wọ́n fẹ́ mọ ọdún tí a bí yín, nítorí pé èyí tí ẹ kọ fún ìjọba kì í ṣe òótọ́, gbogbo ilé ló mọ̀. Wọ́n pe Bọ̀dá Súrà. Bọ̀dá Súrà pè mí, wọ́n ní kí n wo inú ẹ̀rọ. Ọ̀sán Sátidé ni. Kò sẹ́ni tó ń dúró dè mí. Mo ṣí i, mo sì jẹ́ kí ojú ìwé àkọ́kọ́ dúró.

Ohun tó wà níbẹ̀ rèé. Ẹ kì í fi àmì sórí lẹ́tà nítorí pé mi ò kọ́ yín ní ìyẹn, èmi ni mo fi sí i:

"Kí n má baà gbàgbé. Mo ti yí ọkàn padà lórí ọ̀rọ̀ Ìsẹ́yìn. Àwọn tí mo mọ̀ níbẹ̀ ti tán. Ẹ sin mí sí ẹ̀gbẹ́ ìyá yín. Mo ti bá ẹni tó ń ṣọ́ ibẹ̀ sọ̀rọ̀, àyè wà lápá ọ̀tún rẹ̀. Ẹ má gbé mi rìnrìn àjò. Mo ti rìn tó."

Ọ̀sẹ̀ méjì kí ẹ tó kú ni ẹ kọ ọ́.

Mi ò sunkún. Mo tẹ G, mo rí igi ọsàn. Mo tẹ b, mo rí déètì. Ọdún tí ẹ fẹ̀yìn tì ni, ọ̀rọ̀ àkọ́kọ́ tí ẹ kọ sínú fáìlì náà rárá, nígbà tí Mọ́mì ṣì ń dín àkàrà fún wa ní àárọ̀ ọjọ́ Àìkú. Ìgbà tí ẹ bá ṣí i láti kọ̀wé, òkè ló máa ń gbé yín sí, ẹ̀yin náà á sì bẹ̀rẹ̀ láti òkè, gẹ́gẹ́ bí ẹ ṣe ń ṣe fáìlì láti ìgbà èwe yín. Tuntun lókè. Ọ̀rọ̀ tó ti kú ni mo kà fún wọn ní pálọ̀. Mo lọ bu omi mu. Mo padà wá jókòó, mo sì bẹ̀rẹ̀ láti òkè.

Ọjọ́ mẹ́ta ni mo fi kà á, lẹ́yìn iṣẹ́, pẹ̀lú bọ́tìnì gbọọrọ nìkan. Bí mo ṣe ń sọ̀ kalẹ̀ ni ẹ ń kéré sí i lọ́jọ́ orí. Mo rí i pé gbogbo Jímọ̀ tí mo rò pé ẹ wà ní mọ́ṣáláṣí tí ẹ ń bá àwọn ẹgbẹ́ yín tàkúrọ̀sọ, ibi sàréè Mọ́mì lẹ máa ń lọ. Ẹ máa ń sọ fún Mọ́mì ẹni tó wá kí wa, iye ìgbà tí iná lọ, ohun tí mo sè àti bóyá iyọ̀ rẹ̀ pé. Lọ́pọ̀ ìgbà, iyọ̀ kò pé. Mo rí i pé ẹ dá lọ sí Agboyi, ìlú Mọ́mì tó wà láàárín omi, lẹ́yìn ikú wọn láti lọ kí àwọn àna yín. Ogójì ọdún lẹ fi bẹ̀rù ọkọ̀ ojú omi, ogójì ọdún ni Mọ́mì tí wọ́n bí sétí omi fi ń di ẹ̀yìn aṣọ yín mú títí ẹ ó fi dé òdìkejì. Lọ́jọ́ yẹn, ẹ kọ ọ́ pé kò sẹ́ni tó di aṣọ yín mú, ẹ wá fi ọwọ́ ara yín dì í mú. Ọjọ́ tí Mọ́mì kú, gbólóhùn kan ṣoṣo ló wà níbẹ̀, pẹ̀lú orúkọ Mọ́mì gan-an. "Rábì kò jí." Mo tẹ bọ́tìnì náà kíákíá níbẹ̀.

Mo rí orúkọ mi níye ìgbà. Níbì kan, ẹ ní ọ̀nà ọ̀fun ọmọ yìí máa ń ṣáájú eyín rẹ̀. Kí ni mo ṣe lọ́jọ́ yẹn tí ẹ fi kọ ọ́? Ẹ ò kọ ìyẹn. Kí ló dé tí ẹ kò fi ẹnu yín sọ ọ̀rọ̀ ẹ̀gbẹ́ Mọ́mì fún wa? À ń jẹun pọ̀ lójoojúmọ́. Ṣé ẹ rò pé èmi tí ẹ kọ́ bí wọ́n ṣe ń so fáìlì kò lè ṣi fáìlì kà? Bóyá ẹ gbẹ́kẹ̀ lé mi ni. Ìyẹn ló ń dùn mí jù, mi ò sì mọ ibi tí mo lè gbé e sí.

Mo bi Álífà, mo fi ṣe bí ọ̀rọ̀ ọ̀rẹ́ mi kan, bóyá wọ́n lè gbé òkú tí wọ́n sin síbi tí kò fẹ́ kúrò níbẹ̀. Wọ́n ní wọn kì í hú ẹni tó ti sinmi nítorí irú èyí, pé ilẹ̀ Ọlọ́run kan náà ni, kí ọ̀rẹ́ mi máa ṣàdúà fún un. Wọ́n wá wò mí títí, wọ́n ní kí ọ̀rẹ́ mi má gbàgbé láti sọ fún àwọn ẹbí rẹ̀.

Ní Jímọ̀ tó tẹ̀ lé e, mo gun kẹ̀kẹ́ Màrúwá lọ síbi sàréè Mọ́mì. Ọkùnrin tó ń ṣọ́ ibẹ̀ bi mí ẹni tí mo wá wò. Nígbà tí mo dárúkọ Mọ́mì, ojú rẹ̀ là. Ó ní bàbá tó máa ń wá ní Jímọ̀ dà? Mo sọ fún un pé ẹ ti kú, láti nǹkan bí ọdún kan. Ó mú mi dé ìdí Mọ́mì. Lápá ọ̀tún wọn, níbi tí ẹ sọ, sàréè kan ti wà níbẹ̀, koríko sì ti ń hù lórí rẹ̀.

Ó ní ẹ̀yin fúnra yín lẹ gún igi kékeré kan mọ́ ibẹ̀ láti fi sàmì, pé nígbà tí òun kò rí yín mọ́, òun mọ̀ pé ẹ ti kú, òun sì tọ́jú àyè náà fún oṣù mẹ́ta. Àwọn mìíràn wá ń bẹ̀bẹ̀ fún àyè náà, òun sì fún wọn. Kò bínú. Ó kàn sọ ọ́ bí ọ̀rọ̀ ṣe rí.

"A dúró dè yín. Ẹ ò wá."

Mo bẹ̀rẹ̀ mọ́lẹ̀, mo fa koríko ti Mọ́mì. Nígbà tí mo parí, mo fa ti àlejò náà pẹ̀lú. Mi ò mọ orúkọ rẹ̀. Orí kẹ̀kẹ́ tó gbé mi padà sí Ìkòsì ni mo ti sunkún, ẹni tó ń wa kẹ̀kẹ́ náà sì fi ọgbọ́n yí rédíò rẹ̀ sókè.

Ọ̀sẹ̀ mẹ́ta rèé tí mo ti mọ̀ ọ́n. Mo fi ọdún ìbí yín tí mo rí nínú fáìlì náà ránṣẹ́ sí Bọ̀dá Súrà, mi ò fi nǹkan mìíràn kún un. Kì í ṣe pé mo bẹ̀rù ìbínú wọn. Ẹ mọ Bọ̀dá Súrà, wọn kì í pariwo. Àmọ́ láti ọjọ́ tí a ti sin yín, gbólóhùn kan ló kù lẹ́nu wọn. Tí wọ́n bá ń ṣàdúà fún yín, tí ẹnikẹ́ni bá bá wa kẹ́dùn, tí àwa méjèèjì bá jókòó tí ọ̀rọ̀ tán, wọ́n á mí kanlẹ̀, wọ́n á ní: "Ó kéré tán, ibi tí Dádì fẹ́ la gbé wọn lọ." Ọ̀rọ̀ yẹn ni wọ́n ń gbé orí lé sùn. Bàbá Kékeré náà, nítorí ẹ̀ ni wọ́n ṣe ń gbálẹ̀ ìdí sàréè yín ní àràárọ̀. Tí mo bá sọ òótọ́, mo ti gba ìrọ̀rí lábẹ́ orí ẹni méjì. Tí mi ò bá sọ ọ́, èmi ni mo tún ti ìwé tuntun bọ abẹ́.

Mo rò ó síwá, mo rò ó sẹ́yìn. Mo fẹ́rẹ̀ẹ́ pa ojú ìwé àkọ́kọ́ yẹn rẹ́. Iṣẹ́ ìṣẹ́jú kan ni, èmi nìkan ni mo mọ̀ ọ́n, kò sì sẹ́ni tí yóò mọ̀ títí ayé. Mo gbé ìka síbẹ̀. Mo wá rí ibi tó dán lórí bọ́tìnì gbọọrọ yín, mo sì gbé ìka mi kúrò.

Òní ni Àìkú. Mo ti ní kí Bọ̀dá Súrà wá jẹun ọ̀sán. Mi ò fẹ́ fi ẹnu sọ ọ́, nítorí mo mọ ara mi, màá kánjú, màá bẹ̀rẹ̀ láti òpin. Inú fáìlì yín ni mo ń kọ lẹ́tà yìí sí, ní òkè pátápátá, lórí ọ̀rọ̀ tí ẹ kọ gbẹ̀yìn. Tí wọ́n bá parí oúnjẹ, màá fi wọ́n jókòó sórí àga yín, màá fi bọ́tìnì gbọọrọ hàn wọ́n, màá fi b hàn wọ́n. Mi ò ní sọ fún wọn pé G wà. Ohun tí wọn yóò kọ́kọ́ rí ni pé èmi ni. Lẹ́yìn ìyẹn, wọn yóò bá yín pàdé fúnra yín, ojú ìwé kan lẹ́yìn òmíràn, títí wọn yóò fi dé ìdí igi ọsàn. Tí wọ́n bá bi mí bí wọ́n ṣe ń jáde níbẹ̀, màá sọ fún wọn pé lẹ́tà tí Yorùbá kò ní ni.

Ẹ̀bẹ̀ kan ṣoṣo ni mo ní. Tí ó bá jẹ́ pé ibi tí ẹ wà, ẹ ń rí Mọ́mì, ẹ bá mi ṣàlàyé fún wọn. Ẹ sọ fún wọn pé ẹ ti múra, ẹ ti sàmì sí àyè, kì í ṣe ẹ̀yin lẹ kò wá. Ọmọ wọn ni kò kàwé láti òkè.

Géètì ti dún. Bọ̀dá Súrà ti dé, wọ́n ń bọ́ bàtà lẹ́nu ọ̀nà. Mo ti fi ahọ́n kan ìka.

Èmi ni ọmọ yín tó ń luhò sí ìwé,
tó fẹ́ràn yín látòkè délẹ̀.